Orí Keje: Eré Àfọwọ́ṣe Nínú Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìdá

Ohun tí ìdá jẹ́

Ìdá ni apá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára odidi tí a ti pín sí ọ̀nà tó dọ́gba. Bí a bá gé búrẹ́dì kan sí mẹ́rin, tí ẹyọ kan kò sì ju èkejì lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá mú mẹ́ta níbẹ̀ ti mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èyí tí à ń kọ báyìí: 3/4. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ iye ọ̀nà tí a pín odidi sí. Nọ́ńbà òkè ń sọ iye tí a mú níbẹ̀.

Ohun méjì ló gbé ìdá dúró. Èkíní ni ìdọ́gba. Búrẹ́dì tí a kàn fà ya sí mẹ́rin, tí ọ̀kan tóbi tí òmíràn kéré, kò tíì di ìdá kan nínú mẹ́rin. Èkejì ni odidi tí a ń pín. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ju ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì ni méjèèjì ń jẹ́. Ọmọ tí kò bá mọ odidi tí ọ̀rọ̀ dá lé kò lè mọ bí ìdá ṣe tóbi tó. Nítorí náà, eré tí olùkọ́ bá yàn láti fi kọ́ ìdá gbọ́dọ̀ mú kí ọmọ máa dáhùn ìbéèrè méjì nígbà gbogbo: ṣé wọ́n dọ́gba? Odidi wo ni? Eré tí kò bá béèrè méjèèjì lè dùn mọ́ ọmọ nínú, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ ní ìdá.

Ibi tí ìdá ti ń rú ọmọ lójú

Ọmọ kì í dé ilé ẹ̀kọ́ lófo. Kí ó tó wọ kíláàsì kìíní ni ó ti ń bá àbúrò rẹ̀ pín àkàrà, tí ó sì ń pariwo bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Ó ti gbọ́ ìdajì kóńgò gàrí lọ́jà, ó sì ti gbọ́ wákàtí kan àbọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ ti bá a bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà dé nígbà tí ọmọ bá gbé òfin nọ́ńbà odidi wọ inú ìdá. Ó ti kọ́ pé 4 ju 3 lọ, nítorí náà ó gbà pé 1/4 ju 1/3 lọ. Àṣìṣe yìí kì í ṣe tọmọdé nìkan. Ní àwọn ọdún 1980, ilé oúnjẹ A&W ní Amẹ́ríkà gbé hámúbọ́gà kan jáde tí ẹran inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta páùn, kí ó lè fi bá ti McDonald's figagbága, èyí tí ẹran tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin páùn. Ọjà náà kò tà. Alfred Taubman, ẹni tó ni A&W nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n wádìí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, púpọ̀ nínú wọn rò pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ ni, nítorí pé 3 kéré sí 4.

Àṣìṣe kejì ni kí ọmọ máa ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, kí ó sì máa ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tí 1/2 àti 1/3 yóò fi di 2/5 lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe káàkiri Amẹ́ríkà ní 1978, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 fojú díwọ̀n àròpọ̀ 12/13 àti 7/8, kí wọ́n sì mú ìdáhùn nínú 1, 2, 19 àti 21. Ìdá kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi kan, nítorí náà 2 ló sún mọ́ ọn jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 24 péré ló mú 2. Àwọn tó mú 19 tàbí 21 ju ìdajì lọ: wọ́n ro 12 mọ́ 7, tàbí 13 mọ́ 8.

Orírun kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ní. Ọmọ rí nọ́ńbà méjì tí a to léra, kò rí iye kan. Àlàyé ẹnu nìkan kì í sábà tún un ṣe, nítorí pé òfin tí ọmọ ń tẹ̀ lé ti ṣiṣẹ́ fún un láìmọye ìgbà nínú kíkà. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ọmọ ti gé, kí ó ti tò, kí ó sì ti fi wéra, títí 1/3 yóò fi ní ìwọ̀n lójú rẹ̀ kí ó tó di àmì nínú ìwé.

Bí ohun àfọwọ́kàn ṣe wọ inú ẹ̀kọ́

Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń fi oúnjẹ pípín ronú nípa ìdá. Nínú ìwé ìṣirò ilẹ̀ Íjíbítì tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ìṣòro mẹ́fà àkọ́kọ́ dá lórí bí a ṣe máa pín búrẹ́dì dọ́gba fún ọkùnrin 10.

Láàárín ọ̀rúndún 19 sí 20 ni àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò tí ọmọdé lè dì mú. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ sílẹ̀ ní 1837, fún àwọn ọmọ ní búlọ́ọ̀kù onígi kan tó ṣeé tú sí kéékèèké 8 tó dọ́gba, tó sì ṣeé tò padà di odidi. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, lo irin róbótó: ọ̀kan jẹ́ odidi, a sì gé àwọn ìyókù sí 2, sí 3, títí dé 10. Georges Cuisenaire, olùkọ́ ará Bẹ́ljíọ̀mù, kọ̀wé ní 1952 nípa ọ̀pá onígi aláràbarà tí gígùn wọn bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 1 dé 10.

Ọ̀pá Cuisenaire dára gan-an fún ìbéèrè odidi. Bí ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 6 bá jẹ́ odidi, ọ̀pá pupa, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 2, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí olùkọ́ bá wá sọ ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 10 di odidi, ọ̀pá pupa yẹn kan náà di ìdá kan nínú márùn-ún. Ọ̀pá kò yí padà. Odidi ló yí.

Ní 1966, Jerome Bruner, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà fi ìmọ̀ pamọ́: nípa ìṣe, nípa àwòrán, àti nípa àmì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣirò ló ti sọ ọ́ di ìlànà pé kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe é, kí ó yà á, kí ó tó kọ ọ́. Èdè tí ọmọ fi ń sọ ohun tó ń ṣe kò sì gbọ́dọ̀ di ìdènà. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ọmọ tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ sọ pé “mẹ́ta nínú mẹ́rin” nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹyọ mẹ́ta náà kò ní ẹrù èdè tí yóò kún ẹrù ìṣirò.

Eré kìíní: kíká pépà

Eré yìí wà fún ọmọ ọdún 5 sí 7. Pépà tí a ti lò lójú kan tó. Olùkọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pépà mẹ́ta tó bára mu, ó sì ní kí wọ́n wá ọ̀nà mẹ́ta láti pín pépà sí méjì ọgbọọgba. Ọ̀kan yóò ká a ní ìbú, òmíràn ní òòró. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, wọn yóò rí i pé a lè fi sísọ́ọ̀sì gé e láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ọmọ yóò gé wọn, yóò sì gbé èkíní lé èkejì láti wò ó bóyá etí bá etí mu. Ohun tí ó yẹ kí ó jáde níbẹ̀ ni pé ìdajì mẹ́ta tí ìrísí wọn kò jọra lè tóbi bákan náà, nítorí pé ara odidi kan náà ni a ti gé wọn.

Lẹ́yìn ìdajì, kí wọ́n ká pépà lẹ́ẹ̀mejì kí ó di mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta kí ó di mẹ́jọ. Kí wọ́n tó tú u, olùkọ́ bi wọ́n pé ọ̀nà mélòó ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé mẹ́fà fún kíká ẹlẹ́ẹ̀mẹta. Kí olùkọ́ má sọ ìdáhùn fún wọn, kí wọ́n tú u wò. Bí iye kíká ti ń pọ̀ sí i ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní yára gbà pé 1/8 ju 1/4 lọ.

Ìdá mẹ́ta ni kí a fi kẹ́yìn, nítorí pé kíká sí méjì kì í bí i. Ọmọ yóò ká etí ọ̀tún wá sápá òsì, yóò gbé etí òsì lé e, yóò sì máa sún wọn títí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi bára dọ́gba kí ó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sísún yìí gan-an lẹ̀kọ́ wà: ìdọ́gba kì í dé fúnra rẹ̀, ènìyàn ló ń wá a.

Eré kejì: bo odidi

Eré yìí yẹ ọmọ ọdún 7 sí 9, ọmọ méjì sí mẹ́rin ló sì ń ta á. Páálí, rúlà, sísọ́ọ̀sì àti máákà aláwọ̀ márùn-ún ni ohun èlò rẹ̀. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32. Èkíní dúró ní odidi. Èkejì ni a gé sí 2, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. Ẹ̀kẹta sí 4, ó jẹ́ 8. Ẹ̀kẹrin sí 8, ó jẹ́ 4. Ẹ̀karùn-ún sí 16, ó jẹ́ 2. Àwọ̀ kan fún ìdá kan. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìdá sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí pé ìdajì ẹ̀kọ́ náà ti wà nínú gígé.

A lẹ bébà mọ́ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáìsì lúdò, a sì kọ 1/2, 1/4, 1/8, 1/8, 1/16 àti 1/16 sí wọn. Ọmọ tó bá jù ú yóò mú ẹyọ tí dáìsì bá sọ, yóò sì tò ó sórí odidi rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bo odidi rẹ̀ pátápátá, tí kò sì yọ síta, ló borí. Bí àyè tó kù bá jẹ́ 1/8, tí dáìsì sì sọ 1/4, ọmọ náà pàdánù àǹfààní ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti dúró tì wọ́n, kí ó bèèrè pé, “Kí ló kù kí tìrẹ kún?” Ọmọ tó ń fi ìka wọn àyè náà, tó sì dáhùn pé, “Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni, mà,” ti ń yọ 7/8 kúrò nínú odidi láìtíì gbọ́ pé ìyọkúrò ìdá wà.

Bí ọwọ́ wọn bá ti mọ́ ọn, kí wọ́n yí eré náà padà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi ìdajì méjì bo odidi rẹ̀, iye tí dáìsì bá sọ ni yóò sì máa ṣí kúrò. Bí dáìsì bá sọ 1/8 nígbà tí ìdajì méjì nìkan ló wà nílẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ lè mú àfi kí ó kọ́kọ́ ṣẹ́ ìdajì kan: yóò fi pàrọ̀ 1/8 mẹ́rin, tàbí 1/4 kan àti 1/8 méjì. Báyìí ni 1/2 = 4/8 ṣe ń di ohun tí ọmọ nílò kó tó lè ta eré, bí ẹní ń ṣẹ́ owó lọ́jà.

Eré kẹta: ayò àti kíréètì ẹyin

Ìdá kì í ṣe ti ohun tí a gé nìkan. A tún ń mú ìdá nínú ohun tó pọ̀, irú bí ẹyin, ọsàn tàbí ọmọ kíláàsì. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 4 ló sì ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ 48. Kí ọmọ méjì ta ọwọ́ kan parí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan da ohun tó jẹ padà sínú ihò ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó jẹ 32 yóò kún ihò 8, ẹni tó jẹ 16 yóò kún ihò 4. Ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ 8/12, tí í ṣe 2/3. Ẹnì kejì jẹ 4/12, tí í ṣe 1/3. Bí ẹnì kan bá jẹ 30, ihò méje yóò kún, ìdajì ihò yóò sì lé e. Inú irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń rí i pé ihò méje àbọ̀ nínú 12 àti 30 nínú 48 jẹ́ iye kan náà.

Kíréètì ẹyin tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìròpọ̀. Ihò 30 ló ní, márùn-ún lọ́nà mẹ́fà. Àwọn ọmọ máa fi ìdérí ìgò kún ihò. Fún 1/2, ìlà oníhò-márùn-ún mẹ́ta ni wọn yóò kún, ìyẹn 15. Fún 1/3, ìlà méjì ni, ìyẹn 10. Bí a bá fi méjèèjì sínú kíréètì kan, ìdérí 25 ló wà níbẹ̀, ihò 5 péré ló sì ṣófo: ìlà márùn-ún nínú mẹ́fà ti kún, 5/6.

Olùkọ́ tó bá rí ọmọ tó kọ 2/5 fún 1/2 + 1/3 lè pe ọmọ náà sídìí kíréètì kejì, kí ó ní kó fi 2/5 sínú rẹ̀. Ọmọ náà yóò yí kíréètì sí ìhà kejì, yóò rí ìlà márùn-ún oníhò-mẹ́fà, yóò kún méjì nínú wọn: 12. Yóò wo kíréètì yìí, yóò wo ti ìṣáájú. Ó ní 15 lọ́wọ́, ó gba 10 kún un, báwo ló ṣe wá kù sí 12? Ìbéèrè yìí lágbára ju àmì ìkọjá pupa nínú ìwé ọmọ lọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀.

Eré kẹrin: okùn nọ́ńbà

Ọmọ tó ti mọ ìdá gẹ́gẹ́ bí apá ohun kan ṣì ní láti mọ̀ pé nọ́ńbà ni ìdá, tí ó sì ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà yòókù. A na okùn mítà 4 láti ògiri dé ògiri. A kọ 0 sí ìbẹ̀rẹ̀, 1 sí àárín, 2 sí ìparí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú káàdì kan, irú bíi 1/2, 3/4, 5/4 tàbí 2/4, yóò sì há a mọ́ ibi tó yẹ lórí okùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà, pẹ̀lú ìdí. A lè ká okùn kejì tó gùn ní mítà 2 sí mẹ́rin láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun méjì ló ń jáde lórí okùn tó máa ń fara pamọ́ nínú eré yòókù. Èkíní ni pé 1/2 àti 2/4 ń jìjàdù àyè kan ṣoṣo. Èkejì ni pé 5/4 kọjá 1. Ọmọ tó jẹ́ pé búrẹ́dì kan nìkan ló ti ń gé láti ìbẹ̀rẹ̀ lè sọ pé ìdá márùn-ún nínú mẹ́rin kò lè sí. Okùn fi hàn án pé ó wà, ó sì fi ibi tó wà hàn án.

Láti inú eré dé orí ìwé

Eré kò tíì parí nígbà tí ẹnì kan bá borí. Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe: “Mo fi ìdajì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin bo odidi mi, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin.” Èkejì, kí ó ya àwòrán rẹ̀, láìbìkítà bóyá ó rẹwà. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ ọ́ ní àmì: 1/2 + 1/4 + 1/4 = 1. Bí olùkọ́ bá fo ẹnu sísọ àti àwòrán, ọmọ lè mọ eré ní àmọ̀dunjú kí ó sì má mọ̀ pé ìṣirò tó wà nínú ìwé jẹ mọ́ ọn rárá.

A kì í gba ohun èlò lọ́wọ́ ọmọ lójijì. Kí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ mú un. Àmì pé ọmọ ti ń gba òmìnira ni pé ó máa ń sọ ìdáhùn kí ó tó na ọwọ́ sí páálí, tí ó sì ń lo páálí láti fi jẹ́rìí.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún

Ìrísí kan ṣoṣo kò tó. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ohun róbótó nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ kì í sábà mọ ìdá lára okùn tàbí láàárín ẹyin. Ohun tí kò dọ́gba kò yẹ ní àpẹẹrẹ ìbẹ̀rẹ̀: obì àbàtà sábà máa ń ya sí awẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n awẹ́ kan lè tóbi ju òmíràn lọ. Obì dára fún ìbéèrè “ṣé wọ́n dọ́gba?”, kò dára fún ìtumọ̀ 1/4.

Nínú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, ọmọ tó yá ni yóò máa ta eré, àwọn yòókù yóò máa wòran. Mẹ́rin ni kó pọ̀ jù. Bákan náà, dáìsì kì í mọ ẹni tó mọ ìṣirò, nítorí náà kí olùkọ́ má fi ẹni tó borí díwọ̀n ẹni tó mọ ìdá. Ohun tí yóò fi díwọ̀n ni ohun tí ọmọ ń sọ àti bó ṣe ń sọ ọ́: ṣé ó ń wá ìdọ́gba láìsí pé a rán an létí? Ṣé ó ń bèèrè odidi tí à ń wí? Ṣé ó lè sọ ìdí tí 1/3 fi ju 1/4 lọ láìgbé ohun èlò? Ṣé ó lè fún ìdá kan ní orúkọ méjì?

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé, pẹ̀lú àpẹẹrẹ méjì láti inú ilé tàbí ọjà, ìdí tí ìdajì kan fi lè ju ìdajì mìíràn lọ.
2. Ṣe ohun èlò eré “bo odidi” tí yóò lo 1/3, 1/6 àti 1/12. Sọ gígùn páálí tí yóò jẹ́ kí gbogbo ẹyọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà odidi, kí o sì pinnu ohun tí yóò wà ní ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáìsì.
3. Lẹ́yìn ọwọ́ ayò kan, ọmọ kan jẹ 36, èkejì jẹ 12. Fi ihò ọpọ́n ṣàlàyé ìdá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ.
4. Ọmọ kan kọ 1/5 + 1/2 = 2/7. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tí olùkọ́ lè fi kíréètì ẹyin bi í títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rí àṣìṣe náà.
5. Wo ọmọ mẹ́rin bí wọ́n ti ń ta ọ̀kan nínú àwọn eré inú orí yìí. Kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ nípa ìdọ́gba àti nípa odidi sílẹ̀, kí o sì sọ eré tó yẹ kí ó kàn fún un.